Ìyípo Kábọ́ọ̀nù àti Ooru Ayé: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá Jù

Kí ni ìyípo kábọ́ọ̀nù gan-an?

Kábọ́ọ̀nù kì í dúró sójú kan. Èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ lónìí lè wọ inú ewé lọ́la, kó di igi, kó di ewé gbígbẹ, kí kòkòrò inú ilẹ̀ jẹ ẹ́, kó sì tún padà sínú afẹ́fẹ́. Òmíràn á bọ́ sínú òkun, á di ìkarahun ẹran omi, á rì lọ sí ìsàlẹ̀, á sì di àpáta níkẹyìn. Lílọ bíbọ̀ yìí ni ìyípo kábọ́ọ̀nù.

Ọ̀nà méjì ló ní. Ọ̀nà kíákíá wà láàárín afẹ́fẹ́, ewéko, ilẹ̀ àti ojú òkun. Ọjọ́, oṣù tàbí ọdún ló ń gbà. Ọ̀nà ìjàfara gba inú àpáta kọjá, ó sì ń gba mílíọ̀nù ọdún kó tó yí po. Ojú ọ̀nà ìjàfara ni èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì inú ilẹ̀ wà. Bí a ṣe ń wà wọ́n jáde, tí a sì ń dáná sun wọ́n, ńṣe là ń kó ẹrù ọ̀nà kejì dà sórí ọ̀nà àkọ́kọ́. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìdáhùn tó kù dá lé.

Níbo ni kábọ́ọ̀nù wà, báwo ló sì ṣe pọ̀ tó níbẹ̀?

Bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù la fi ń kà á. Afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí 890. Gbogbo igi, koríko àti irúgbìn ayé ní bí 450. Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ ní bí 1,700, àwọn ilẹ̀ tó dì gbagidi ní ìhà àríwá ayé sì ní bí 1,400 tiwọn lọ́tọ̀. Òkun ní bí 37,000, inú ibú rẹ̀ lọ́hùn-ún lèyí tó pọ̀ jù sì wà. Tàwọn àpáta ju gbogbo wọn lápapọ̀ lọ ní ìlọ́po tó lé ní ẹgbẹ̀rún, àmọ́ àpáta kì í tètè dá sí ọ̀rọ̀.

Ẹ wo bí ti afẹ́fẹ́ ṣe kéré tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òkun. Ìdí nìyẹn tí àfikún díẹ̀ fi ń tètè hàn nínú rẹ̀: 2.12 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù péré ti tó láti fi ppm kan kún un. Ppm ni iye mólékù CO2 (gáàsì tí kábọ́ọ̀nù àti ọ́ksíjìn so pọ̀ dá) tó wà nínú mílíọ̀nù kan mólékù afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Gbígbẹ la wí o, torí pé oru omi inú afẹ́fẹ́ máa ń pọ̀ nígbà míràn, kó sì dín kù nígbà míràn, á sì ba ìṣirò jẹ́ bí a bá kà á mọ́ ọn.

Ẹnì kan ní 10 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù là ń tú jáde lọ́dún, ẹlòmíràn ní 37. Ta ló ń purọ́?

Kò sẹ́ni tó purọ́. Ẹni àkọ́kọ́ ka kábọ́ọ̀nù nìkan, ẹnì kejì ka CO2, ìyẹn kábọ́ọ̀nù pẹ̀lú ọ́ksíjìn tó so mọ́ ọn. Átọ́mù kábọ́ọ̀nù wọn 12, átọ́mù ọ́ksíjìn méjì wọn 32, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 44. Ẹ pín 44 sí ọ̀nà 12, ẹ ó rí 3.67. Ìyẹn lẹ ó fi sọ iye kábọ́ọ̀nù di iye CO2. Bí ẹ bá rí àríyànjiyàn tí iye ẹnì kan fi bí ìlọ́po mẹ́rin ju ti ẹnì kejì lọ, ibí yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìṣirò yìí kan náà ló ń ṣàlàyé ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu nípa bẹntiróòlù. Lítà kan wọn nǹkan bí 740 gíráàmù, bí 640 nínú rẹ̀ sì jẹ́ kábọ́ọ̀nù. Ẹ fi 3.67 sọ ọ́ di púpọ̀: CO2 kílò méjì lé díẹ̀, ìyẹn bí 2.3, ló jáde látinú ohun tí kò tó kílò kan. Kò sí idán níbẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fà símú ni ìyókù ìwúwo yẹn ti wá. Ti dísù tó bí 2.7 kílò fún lítà kan, torí pé ó kì ju bẹntiróòlù lọ.

Wọ́n ní ewéko àti òkun ń tú CO2 jáde ju èèyàn lọ fíìfíì. Ẹ̀ṣẹ̀ wo wá ni tiwa?

Lóòótọ́, tiwọn pọ̀ jù. Lọ́dọọdún, ewéko orí ilẹ̀ ń fa 120 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ látinú afẹ́fẹ́, mímí àwọn ewéko fúnra wọn àti jíjẹrà ohun tó kú sì ń dá iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba padà. Òkun ń gba bí 80, ó sì ń dá bí 80 padà. Tiwa jẹ́ bí 11: 10 látinú èédú, epo, gáàsì àti símẹ́ǹtì, nǹkan bí 1 látinú igbó tí à ń pa. Ẹni tó fi 11 wé 200, tó wá ní tiwa kò jẹ́ nǹkan kan, apá kan ìwé ló kà. 200 jáde, 200 wọlé. 11 tiwa jáde, a ò sì gba ohunkóhun padà.

Ẹ̀rí wà pé ìjáde àti ìwọlé dọ́gba tẹ́lẹ̀: fún nǹkan bí 10,000 ọdún kí iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbòde, CO2 inú afẹ́fẹ́ ò kúrò láàárín 260 sí 280 ppm. Ìṣirò kan sì wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. 11 là ń tú sáfẹ́fẹ́, bí 5 péré ni afẹ́fẹ́ sì ń fi lé sí i lọ́dún. Ká ní òkun àti ewéko ló ń dá kún un ni, ìlékún yẹn ì bá ju 11 lọ. Kò tó ìlàjì rẹ̀ pàápàá. Àwọn ló ń bá wa gbé ìyókù: ilẹ̀ àti ewéko rẹ̀ ń gbé bí ìdá 30 nínú 100, òkun ń gbé bí ìdá 25. Ká sọ̀rọ̀ síbi tọ́rọ̀ wà, wọ́n ń gbà wá sílẹ̀ ni.

Kì í sì í ṣe ọdọọdún ni wọ́n ń gbà wá bákan náà. Lọ́dún tí El Niño bá mú, ìyẹn ìgbà tí ojú Òkun Pàsífíìkì máa ń gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀dá máa ń dá ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ olóoru, igi ò ní fa CO2 tó bó ṣe yẹ, iná á máa jó igbó, iye tó kù sínú afẹ́fẹ́ á sì fò sókè bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò sun epo ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ẹ má fi ọdún kan ṣoṣo dájọ́.

Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe òkè ayọnáyèéfín ló ń tú u jáde?

Àkọ́kọ́, iye rẹ̀ ò tó. Ohun tí gbogbo òkè ayọnáyèéfín ayé ń tú jáde lọ́dún kò tó ìdá 2 nínú 100 tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó lágbára jù wà nínú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta la sì lè gbà rí i.

Kábọ́ọ̀nù kan wà tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù 14, tí ìtànṣán òfúrufú ń dá sílẹ̀ lókè réré. Láàárín 5,730 ọdún, ìlàjì rẹ̀ á ti pòórá. Èédú àti epo ti wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, nítorí náà kò sí ẹyọ kan nínú wọn mọ́. Bí a ṣe ń sun wọ́n, ńṣe ni wọ́n ń la kábọ́ọ̀nù 14 inú afẹ́fẹ́ lómi. Hans Suess rí i lára igi, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1955. Ẹni tó bá fẹ́ lo ẹ̀rí yìí fún àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ní láti ṣọ́ra: bọ́ǹbù átọ́mù tí àwọn orílẹ̀-èdè ń dán wò lójú sánmà títí di 1963 fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ kábọ́ọ̀nù 14 di ìlọ́po méjì.

Èkejì ni kábọ́ọ̀nù 13, tó wúwo díẹ̀ ju kábọ́ọ̀nù 12 lọ. Ewé kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ẹ, ó máa ń yan èyí tó fúyẹ́. Ara ewéko àti ohun abẹ̀mí ayé àtijọ́ ni èédú àti epo ti wá, torí náà kábọ́ọ̀nù 13 inú wọn kéré. Ìwọ̀n rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ sì ń lọ sílẹ̀ bí CO2 ṣe ń lọ sókè. Gáàsì òkè ayọnáyèéfín ò lè fà á lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ́ksíjìn. Iná ò lè jó láìgba ọ́ksíjìn, a sì ń rí i pé ọ́ksíjìn inú afẹ́fẹ́ ń dín kù bó ṣe yẹ kó dín kù bó bá jẹ́ pé jíjó ni CO2 ti wá. Òkè ayọnáyèéfín kì í lo ọ́ksíjìn afẹ́fẹ́ láti tú gáàsì rẹ̀ jáde. Kí ẹnikẹ́ni má fòyà nítorí èyí: ọ́ksíjìn ṣì jẹ́ bí ìdá 21 nínú 100 afẹ́fẹ́, ìdínkù tí à ń sọ ò tó ohun tí imú lè mọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn CO2 inú afẹ́fẹ́?

Charles David Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n ní Mauna Loa, ní Hawaii, ní Oṣù Kẹta ọdún 1958. Ó bá a ní bí 315 ppm. Ìpíndọ́gba ọdún 2024 níbẹ̀ lé ní 424.

Wọ́n á fa afẹ́fẹ́ wọlé látorí òpó gíga. Wọ́n á kọ́kọ́ gba omi kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fi òtútù dì í ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tan ìtànṣán ooru, èyí tí ojú ò rí, gba inú rẹ̀ kọjá. CO2 máa ń gbé lára ìtànṣán yẹn mì, bí ohun tó gbé mì bá ṣe pọ̀ tó la fi ń mọ iye rẹ̀. Láàárín ìgbà díẹ̀ síra, wọ́n á fi gáàsì inú sílíńdà tí wọ́n ti mọ iye CO2 inú rẹ̀ dán ẹ̀rọ náà wò, torí pé gbogbo ẹ̀rọ ló máa ń ṣì díẹ̀díẹ̀ bó bá ti ń pẹ́.

Èyí tó máa ń ṣòro ni mímọ irú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń wọ̀n. Lọ́sàn-án, atẹ́gùn máa ń gba ẹsẹ̀ òkè gòkè wá, igbó ìsàlẹ̀ á sì ti fa lára CO2 rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gba ojú ihò òkè ayọnáyèéfín náà kọjá, ó lè gbé gáàsì ibẹ̀ dé. Irú wákàtí bẹ́ẹ̀ máa ń hàn, torí pé ìwọ̀n á máa fò sókè sódò, wọn kì í kà á mọ́ èyí tó dára. Nígbà tí òkè náà bú ní Oṣù Kọkànlá 2022, ọ̀nà àti iná mànàmáná gé, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n ní Maunakea tó wà nítòsí títí di ọdún tó tẹ̀ lé e.

Láàárín ọdún kan, iye náà máa ń gòkè dé góńgó ní oṣù Karùn-ún, á sì wálẹ̀ jù lọ ní nǹkan bí ìparí oṣù Kẹsàn-án. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ppm mẹ́fà sí méje. Ìhà àríwá ayé ni ilẹ̀ àti igbó pọ̀ sí, nígbà tí ojú ọjọ́ bá móoru lọ́hùn-ún, tí ewé rú, ni ewé ń fa CO2. Ẹni tó bá fi oṣù Karùn-ún ọdún kan wé oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà á sọ pé CO2 ti ń dín kù. Oṣù kan náà ni kí ẹ máa fi wéra láti ọdún dé ọdún.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń gbé sínú yàrá ńkọ́? Ó dára fún mímọ̀ bóyá fèrèsé yẹ ní ṣíṣí. Yàrá tí èèyàn pọ̀ sí lè kọjá 1,000 ppm kíákíá, ìyẹn ò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ayé.

Ohun tí kò ju ìdá 0.04 nínú 100 lọ, kí ló lè ṣe?

Náítírójìn àti ọ́ksíjìn tó kó bí ìdá 99 afẹ́fẹ́ kì í gba ooru tí ilẹ̀ ń tú sókè mú. Mólékù wọn ò gbọ̀n bó ṣe yẹ. Nítorí náà, ká má fi CO2 wé gbogbo afẹ́fẹ́, ká fi wé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà. Eunice Foote fi gáàsì sínú agolo gíláàsì lójú oòrùn, ó sì kọ ọ́ lọ́dún 1856 pé èyí tó ní CO2 nínú gbóná jù. John Tyndall wọn bó ṣe ń gba ooru mú ní 1859. Svante Arrhenius fi ìwé àti gègé ṣírò rẹ̀ ní 1896 pé bí CO2 bá di ìlọ́po méjì, ayé á gbóná sí i.

Àwọn kan máa ń sọ pé CO2 tó wà tẹ́lẹ̀ ti gba gbogbo ooru tó lè gbà, pé àfikún ò lè ṣe nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ooru ń gba ọwọ́ mólékù kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn títí yóò fi dé ibi gíga tí ó ti lè bọ́ lọ sí òfúrufú. Bí CO2 bá ṣe ń pọ̀ sí i, ibi tó ti ń bọ́ lọ yẹn ń ga sí i, òkè sì tutù ju ìsàlẹ̀ lọ. Ibi tó tutù kì í tú ooru jáde tó ibi tó gbóná. Ooru tó ń wọlé á wá ju èyí tó ń jáde lọ, ilẹ̀ àti òkun á sì máa gbóná títí méjèèjì yóò fi tún dọ́gba. Bí CO2 bá di ìlọ́po méjì, ohun tí IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń yẹ ìyípadà ojú ọjọ́ wò, kọ lọ́dún 2021 ni pé ó ṣeé ṣe kí ooru ayé fi ìwọ̀n Celsius 2.5 sí 4 lé sí i.

Ṣé oru omi kọ́ ló ń gba ooru mú jù?

Òun ni. Ṣùgbọ́n kì í dá pinnu iye tó máa wà. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbóná tó ló ń pinnu rẹ̀. Ìwọ̀n Celsius kan tó bá lé, afẹ́fẹ́ lè gba bí ìdá 7 nínú 100 oru omi sí i. Èyí tó bá pọ̀ jù á rọ̀ bí òjò láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. CO2 kì í rọ̀ bí òjò. Òun ló ń bẹ̀rẹ̀ ìjà, oru omi ló ń gbè é lẹ́yìn.

Òkun tóbi púpọ̀. Kí ló dé tí kò lè gba gbogbo rẹ̀?

Bí CO2 bá wọ omi òkun, kì í dúró bẹ́ẹ̀. Ó ń bá omi da pọ̀ di ásíìdì tí kò le, ìyẹn sì ń bá kábọ́nétì tó wà nínú omi òkun da pọ̀ di baikábọ́nétì. Bí ìdá 90 nínú 100 kábọ́ọ̀nù inú òkun ló wà bí baikábọ́nétì. Èyí tó ṣì jẹ́ CO2 kò pé ìdá 1. Kábọ́nétì yìí gan-an ló ń ṣiṣẹ́ gbígbà, lílò là ń lò ó tán lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí CO2 inú afẹ́fẹ́ bá fi ìdá 10 lé, kábọ́ọ̀nù ojú òkun ò ní ju ìdá 1 lọ tó máa fi lé. Roger Revelle àti Suess ló pe àkíyèsí sí i lọ́dún 1957, kí wọ́n tó sọ ọ́ ọ̀pọ̀ ló gbà pé òkun á kàn gbé e mì.

Ooru náà tún ń ba nǹkan jẹ́. Ẹlẹ́rìndòdò tó gbóná kì í pẹ́ kí gáàsì rẹ̀ tó lọ. Omi òkun tó gbóná náà ò lè di gáàsì mú tó èyí tó tutù. Ojú òkun nìkan ló sì ń fara kan afẹ́fẹ́. Kí omi ojú tó kárí ibú, ó lè gba nǹkan bí 1,000 ọdún, torí pé àwọn ibi díẹ̀ tí omi ti tutù tó sì wúwo, bí àríwá Àtìláńtíìkì àti àyíká Antarctica, ló ti ń rì lọ sísàlẹ̀ dáadáa.

Ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-tín tó ń léfòó lójú òkun náà ń gbé kábọ́ọ̀nù rì. Wọ́n ń fa CO2, wọ́n ń kú, wọ́n ń rọ̀ lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, ẹran omi àti bakitéríà á ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Díẹ̀ kíún ló ń di ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun.

Gbígbà tí òkun ń gbà kì í sì í ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. pH ni òǹkà tí wọ́n fi ń mọ bí ásíìdì omi ṣe pọ̀ tó: bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ásíìdì ń pọ̀ sí i. Ti ojú òkun ti kúrò ní bí 8.2 bọ́ sí bí 8.1. Ó jọ ohun kékeré létí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ka pH, ó túmọ̀ sí pé ásíìdì rẹ̀ ti fi ju ìdá 25 nínú 100 lọ lé. Kábọ́nétì tó ń dín kù yẹn ni iyùn àti ìṣáwùrú fi ń kọ́ ara wọn, àwọn ọmọ wọn tí ìkarahun wọn ò tíì le ló sì ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Ṣé ká kàn máa gbin igi ni?

Igi ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ìlàjì igi gbígbẹ ló jẹ́ kábọ́ọ̀nù. Igi tí gbogbo ara rẹ̀ wọn tọ́ọ̀nù kan lẹ́yìn tó gbẹ tán ní bí 500 kílò kábọ́ọ̀nù. Ẹ fi 3.67 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di CO2 tọ́ọ̀nù 1.8. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n wọn igi tútù, kí wọ́n gbàgbé pé ìlàjì ìwúwo rẹ̀ lè jẹ́ omi. Àṣìṣe kejì ni kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sí ti ọdún tí wọ́n gbìn ín, nígbà tó jẹ́ pé ọgbọ̀n tàbí àádọ́ta ọdún ló fi ń kó o jọ.

Ìṣòro tó tóbi jù ni pé kábọ́ọ̀nù inú igi ṣì wà lójú ọ̀nà kíákíá. Iná kan, ọ̀dá kan, tàbí ayùn kan tó láti dá a padà. Èédú tí a kò wà jáde ò lè jóná. Ibi tí wọ́n gbin igi sí náà ṣe pàtàkì. Àwọn ilẹ̀ àbàtà tí ewéko àìjẹrà ti gbájọ sí kò ju bí ìdá 3 ilẹ̀ ayé lọ, síbẹ̀ kábọ́ọ̀nù tó wà nínú wọn tó èyí tó wà nínú gbogbo igi ayé tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fa omi irú àbàtà bẹ́ẹ̀ gbẹ kó lè gbin igi síbẹ̀, ọ́ksíjìn á ráyè wọlé, ohun tí kò jẹrà láti ẹgbẹ̀rún ọdún á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, àdánù rẹ̀ á sì ju èrè lọ. Ní ilẹ̀ tí yìnyín ń bò, igi dúdú máa ń gba oòrùn tí ìbá ti tàn padà lórí yìnyín. Èrò tiwa ni pé kí a kọ́kọ́ fi igbó tó ti dàgbà àti àbàtà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí gbígbìn tó tẹ̀ lé e.

Èémí èèyàn ńkọ́?

CO2 bí kílò kan lójúmọ́ fún ẹnì kan. Inú oúnjẹ ló ti wá, inú afẹ́fẹ́ ni ohun ọ̀gbìn ti fà á. Kò fi nǹkan kan kún un. Dísù tí wọ́n fi ro oko náà ni ká bi léèrè.

Símẹ́ǹtì wá ńkọ́? Kì í ṣe epo.

Òkúta ẹfun ni wọ́n ń yan láti ṣe é, inú òkúta náà ni CO2 wà. Tọ́ọ̀nù kan òkúta ẹfun tó mọ́ á tú 440 kílò CO2 jáde nígbà yíyan, kí a tó ka iná tí wọ́n fi yan án rárá. Pípààrọ̀ iná nìkan ò lè yanjú ìyẹn.

Mẹ́téènì ńkọ́?

Kábọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú háídírójìn mẹ́rin ni. Inú ikùn màlúù, oko ìrẹsì olómi, ààtàn, àbàtà àti páìpù gáàsì tó ń jò ló ti ń jáde. Ó ti kúrò ní bí 720 dé ohun tó lé ní 1,900, ẹyọ nínú bílíọ̀nù la fi ka èyí o. Ó máa ń lò tó ọdún 12 kó tó di CO2 àti omi. Bí ẹ bá ka ipa rẹ̀ fún 100 ọdún, tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ tó bí 28 tọ́ọ̀nù CO2. Bí ẹ bá kà á fún 20 ọdún, ó lé ní 80. Méjèèjì ló tọ̀nà. Ẹni tó bá sọ iye kan láìsọ iye ọdún tó fi kà á ò tíì sọ nǹkan kan. Torí pé kì í pẹ́, dídí ibi tó ń jò ló ń tètè mú èso jáde.

CO2 ti ń lọ sókè sódò láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kí ló yàtọ̀?

Afẹ́fẹ́ ayé àtijọ́ tó há sínú yìnyín Antarctica, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Dome C, fi hàn pé fún 800,000 ọdún, láàárín bí 180 sí 300 ppm ló ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà yẹn, ìyípadà bí ayé ṣe ń yí oòrùn po ló kọ́kọ́ ń mú kí nǹkan gbóná, òkun á wá tú CO2 jáde, CO2 yẹn á sì tún fi kún ooru. Òótọ́ ni pé ooru ló ṣáájú nígbà náà. Lọ́tẹ̀ yìí, CO2 la kọ́kọ́ dà sínú rẹ̀.

Ní nǹkan bí 56 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kábọ́ọ̀nù rẹpẹtẹ tú jáde, ayé sì fi ìwọ̀n 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ gbóná sí i. Ìtújáde náà gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Tiwa yá jù ú lọ dáadáa lọ́dọọdún. Kí nǹkan tó padà bọ̀ sípò nígbà yẹn, ó lé ní 100,000 ọdún, nítorí òjò tó ń jẹ àpáta díẹ̀díẹ̀ ló gba kábọ́ọ̀nù náà padà.

Bí a bá dáwọ́ dúró lónìí, ṣé ooru á wálẹ̀?

Ìwọ̀n ooru á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró síbi tó dé. CO2 á máa dín kù díẹ̀díẹ̀ bí òkun àti ilẹ̀ ṣe ń gbà á, ìyẹn ń fa ooru wálẹ̀. Òkun tí kò tíì gbóná tán náà ń tì í sókè. Méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ fagi lé ara wọn.

Ẹ lè gbọ́ pé mólékù CO2 kan kì í lò ju bí ọdún márùn-ún lọ nínú afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n pàṣípààrọ̀ ni: ọ̀kan wọ òkun, òmíràn jáde. Àpọ̀jù náà ò lọ. Nínú ohun tí a dà sí i, ìdá 15 sí 40 nínú 100 ṣì máa wà níbẹ̀ lẹ́yìn 1,000 ọdún.

Nítorí èyí, àpapọ̀ gbogbo ohun tí a ti tú jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ń pinnu ooru. Gbogbo 1,000 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù CO2 ń fi bí ìwọ̀n 0.45 kún un. Láti 1850 dé 2019, a ti tú bí 2,400 jáde. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí bí ìwọ̀n 1.1, ó sì bá ohun tí tẹmómítà wọ̀n mu. Bí a bá dín ohun tí à ń tú jáde kù sí ìlàjì, ooru á ṣì máa lọ sókè, àmọ́ á máa lọ ní ìlàjì eré tó ń sá. Kó tó dúró, ohun tó ń jáde gbọ́dọ̀ tó ohun tí a ń gbà padà. Ojú òkun ní tirẹ̀ á ṣì máa ga sí i fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, torí pé ooru tó ti wọlé ò tíì dé ìsàlẹ̀ ibú.